Ìràwọ̀ tó wà láàárín a àti b

Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi kíláàsì áljẹ́bírà afòyemọ̀ lé mi lọ́wọ́. Àwọn 300 level ni. Mo wọlé, mo kí wọn, mo sì ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nígbà tí mo jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí: mo kọ ìtumọ̀ sójú bọ́ọ̀dù. "Gúrúùpù ni àkójọ G pẹ̀lú iṣẹ́ ∗ tó pa òfin mẹ́rin wọ̀nyí mọ́." Mo to òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe yíjú padà, ọmọbìnrin kan níwájú ti nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìràwọ̀ yẹn, kí ló ń ṣe gan-an? Ṣé ká rò wọ́n pọ̀ ni àbí ká sọ wọ́n di púpọ̀?" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ohunkóhun ló lè jẹ́." Ó kọ "ohunkóhun" sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kò sì béèrè nǹkan kan mọ́ títí sáà fi parí.

Ìbéèrè rẹ̀ ló mọ́gbọ́n wá jù nínú gbogbo ohun tí a sọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mi ò dáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ níbí, fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́ọ̀sì yìí ti di kárí-ọ́fà sí lọ́rùn, àti fún òbí tó gbọ́ pé ọmọ òun ń kọ́ "áljẹ́bírà" ní yunifásítì tó sì ń rò pé x àti y ilé-ìwé girama náà ni, kí ló wá le níbẹ̀?

Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí kò fẹ́ dárúkọ, a ní Lágbájá. "Ká ní Lágbájá yá owó lọ́wọ́ Tàmẹ̀dù." Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ọmọ taa ni Lágbájá, torí gbogbo wa mọ̀ pé ohun tí a bá sọ nípa rẹ̀ máa bá ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò yẹn mu. x tí a kọ́ ní girama, Lágbájá nọ́ńbà ni. Ìràwọ̀ yẹn wá jẹ́ Lágbájá iṣẹ́: ó dúró fún ìròpọ̀, ó lè dúró fún ìsọdipúpọ̀, ó lè dúró fún kí èèyàn méjì pààrọ̀ ìjókòó. Ohun tó jẹ́ tuntun ní yunifásítì kò ju ìyẹn lọ. Ní girama, nọ́ńbà nìkan la fi pamọ́. Níbí, a fi iṣẹ́ tí a ń ṣe sí nọ́ńbà náà pamọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní afòyemọ̀ nìyẹn.

Mo ń pè é ní gúrúùpù, mi ò pè é ní ẹgbẹ́, mo sì ní ìdí. Bí mo bá ní ẹgbẹ́, ọkàn yín á lọ sórí àwọn èèyàn tó wọ aṣọ kan náà lọ sóde. Èrò yẹn gan-an ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára, ẹ ó rí i níwájú. Gúrúùpù kì í ṣe àwọn tó péjọ. Àwọn tó péjọ àti ohun tó ń da méjì nínú wọn pọ̀ di ẹ̀kẹta ni, méjèèjì lápapọ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ilé ni mo ti rí i. Inú ìwé ìdánrawò ló ti máa ń wà, wọ́n á kọ ọ́ báyìí: "a ∗ b = a + b − 1. Fi hàn pé gúrúùpù ni." Àwọn ọmọ kíláàsì á máa kùn pé ta ló ń ṣirò bẹ́ẹ̀? Kí ni 1 tí wọ́n yọ yẹn wá ṣe níbẹ̀? Ó dà bí ẹni pé olùkọ́ kan jókòó sílé, ó wá ọ̀nà tó fi máa fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ wò ó. Wọ́n bí ọmọ ní ọjọ́ Ajé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e. A ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Alẹ́ méje péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n Yorùbá a máa ka ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin lójú kàlẹ́ńdà, ọrọọrún la máa ń pè é, márùn-ún márùn-ún. Báwo ni ọrún méjì ṣe jẹ́? Ẹni tó ń ṣirò ilé-ìwé á ní mẹ́wàá. Àwọn ìyá ọlọ́jà kò ní gbà. Ọjọ́ karùn-ún tí a parí ọrún àkọ́kọ́ sí náà ni ọrún kejì ti bẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́sàn-án ni. Ẹ wá so mẹ́sàn-án méjì pọ̀, ẹ ó rí mẹ́tàdínlógún, ìtàdógún tí gbogbo wa mọ̀. 5 ∗ 5 = 9. 9 ∗ 9 = 17. Ẹ̀yọ kan tí wọ́n ń yọ yẹn, ọjọ́ tó wà lóríta ni, tí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti apá méjèèjì.

Ìṣirò tí wọ́n ní olùkọ́ ló hùmọ̀ láti fìyà jẹni, ìyá àgbà tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ń ṣe é lọ́jà láìlo bírò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú òfin mẹ́rin náà wá síbẹ̀. Àkọ́kọ́: bí a bá da méjì pọ̀, ohun tó jáde gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú àkójọ náà. Kíka ọjọ́ mọ́ kíka ọjọ́ á mú iye ọjọ́ jáde, kò ní di iye àgbàdo. Èkejì: bí a bá ní mẹ́ta láti dà pọ̀, bóyá a kọ́kọ́ da méjì ti iwájú pọ̀ tàbí méjì ti ẹ̀yìn, ibì kan náà la máa já sí. Ìyẹn rọrùn níbí. Méjì la máa yọ lápapọ̀, ọ̀nà yòówù kí a gbà.

Ẹ̀kẹta ló ń tú àwọn tó há ìtumọ̀ sórí fó. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí kì í yí ẹnikẹ́ni padà. Bí mo bá béèrè ní kíláàsì pé ta ni ẹni yẹn, ohùn kan náà ni wọ́n á fi dáhùn: "Òdo!" Torí òdo ni wọ́n mọ̀ nínú ìròpọ̀. Ṣùgbọ́n 5 ∗ 0 jẹ́ 4, òdo ti yí márùn-ún padà. 5 ∗ 1 ló ń jẹ́ 5. Ẹ̀yọ kan ni ẹni tí kì í yíni padà níbí, ẹ̀yọ kan yẹn sì ní orúkọ: òní. Òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni èkejì, ọ̀túnla ni ẹ̀kẹta. Bí a bá ka ọjọ́ láti òní dé òní, ibi tí a wà la ṣì wà.

Ẹ̀kẹrin ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó máa dá a padà. Bí a bá ti lọ dé ọrún, kí la máa kà tí a ó fi padà dé òní? Ìṣirò ní 2 − 5, ìyẹn −3, torí 5 + (−3) − 1 jẹ́ 1. Nọ́ńbà yẹn kò dà bí ọjọ́ kankan lójú ẹni tó bá wò ó nínú ìwé. Ẹ kà á sẹ́yìn lẹ́nu wa: òní ni 1, àná ni 0, ìjẹta ni −1, ìjẹrin ni −2, ìjàrún ni −3. Ìjàrún! Àárùn-ún ló wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí pé bí a ṣe ń ka òní mọ́ ọn lọ síwájú la ṣe ń kà á mọ́ ọn padà sẹ́yìn. Ọ̀túnla pẹ̀lú ìjẹta, òní. Ọrún pẹ̀lú ìjàrún, òní. Ọ̀la pẹ̀lú àná, òní: 2 + 0 − 1. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lo àpẹẹrẹ yìí, mo rí ọmọkùnrin kan tó ń fi ìka rẹ̀ ka ìjẹta, ìjẹrin, ìjàrún lábẹ́ tábìlì, tó sì gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀ tó wá rí i padà lápò.

Ẹni tó bá wo gúrúùpù ọjọ́ yìí dáadáa á fura pé kò yàtọ̀ sí ìròpọ̀ lásán. Òótọ́ ni. Bí a bá yọ ọ̀kan lára iye kọ̀ọ̀kan, 5 di 4, 9 di 8, 17 di 16, òní di òdo. 4 àti 4 jẹ́ 8, 8 àti 8 jẹ́ 16. Aṣọ ló yàtọ̀, èèyàn kan náà ló wọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ gígùn kan fún irú ìbáramu bẹ́ẹ̀, isomorphism, ẹni tó bá sì ti rí i lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kò ní bẹ̀rù orúkọ náà mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kì í ṣe ohun tí nǹkan jẹ́ là ń wò bí kò ṣe bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn lò.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ nọ́ńbà. Àwọn gúrúùpù tó kọ́kọ́ mú èèyàn sùn láìrí oorun kì í ṣe nọ́ńbà rárá; pípààrọ̀ ipò ni. Ẹ jẹ́ ká wọ danfo. Èèyàn mẹ́ta wà lórí ìjókòó kan: Àlàó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Bísí láàárín, Kọ́lá lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: kí ẹni tó wà ní fèrèsé àti ẹni àárín pààrọ̀. Iṣẹ́ kejì: kí ẹni àárín àti ẹni ẹ̀bá ọ̀nà pààrọ̀. Bí a bá ṣe àkọ́kọ́ kí a tó ṣe èkejì, ó máa di Bísí, Kọ́lá, Àlàó. Bí a bá kọ́kọ́ ṣe èkejì, ó máa di Kọ́lá, Àlàó, Bísí. Ẹ fi ìwé pélébé mẹ́ta ṣe é kí ẹ rí i. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ mẹ́fà ló ṣeé ṣe fún ẹni mẹ́ta, pípààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì jẹ́ gúrúùpù tí a ∗ b àti b ∗ a kì í ti í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà. Òfin mẹ́rin yẹn kò béèrè pé kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń pààrọ̀ ipò a àti b láti kékeré láìronú nílò ọjọ́ mélòó kan kí ìyẹn tó wọ̀ ọ́ létí.

Inú irú danfo yìí ni gúrúùpù ti jáde sáyé. Orúkọ áljẹ́bírà fúnra rẹ̀ wá láti inú àkọlé ìwé tí al-Khwarizmi kọ ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wá x nínú ìdọ́gba. Ní ọdún 1545, Girolamo Cardano, ará Ítálì, tẹ ọ̀nà tí a lè gbà tú ìdọ́gba tí agbára x rẹ̀ dé 3 àti èyí tó dé 4 jáde. Ó wá ku 5. Fún nǹkan bí ọ̀rìnlénígba ọdún, àwọn ọlọ́pọlọ pípé wá a títí, wọn ò rí i. Ní 1824, Niels Henrik Abel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Norway, fi hàn pé kò sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ìdọ́gba agbára 5. Évariste Galois ní ilẹ̀ Faransé ló wá sọ ìdí rẹ̀, ó sì kú ní 1832 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn fún un níbi ìjà àdéhùn, ọmọ ogún ọdún. Ohun tó rí ni pé kí a fi àwọn ìdáhùn ìdọ́gba jókòó bí èrò inú ọkọ̀, kí a wá wo irú pípààrọ̀ ipò tí ìdọ́gba náà kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin, ìtòlẹ́sẹẹsẹ 24. Gúrúùpù wọn ṣeé tú sí wẹ́wẹ́ ní ipele ìpele, títú yẹn ló sì ń di ọ̀nà ìṣirò. Ìdáhùn márùn-ún, ìtòlẹ́sẹẹsẹ 120. Inú rẹ̀ ni 60 wà tó so pọ̀ gírígírí, tí kò ṣe é tú mọ́. Ọ̀nà dí níbẹ̀.

Àwọn ìwé tí Galois fi sílẹ̀ kò jáde ní títẹ̀ dé gbangba títí di 1846. Ní 1854 ni Arthur Cayley, ará Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ohun tó jọ ìtumọ̀ tí mo lọ kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Àwọn èèyàn ti ń lo nǹkan náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ; àwa ní kíláàsì ń sọmọ lórúkọ kí a tó bí i.

Ibi tí kọ́ọ̀sì yìí ti ń le jù, tí mo ti rí àwọn tó ń gba A tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń wò suu, ni ohun tí wọ́n ń pè ní quotient group. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ inú gúrúùpù tuntun yìí, àkójọ odindi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. "Sà, báwo la ṣe máa fi àkójọ kún àkójọ?" Mo máa ń dá ìbéèrè padà fún wọn: ní ilé bàbá yín, ọjọ́ Ògún jẹ́ ọjọ́ mélòó?

Ọ̀sẹ̀ Yorùbá àtijọ́ ní ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tó jẹ́ ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó. Kò sẹ́ni tó ń sọ "ọjọ́ Ògún" tó ní ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́kàn. Gbogbo ọjọ́ Ògún tó ti kọjá àti gbogbo èyí tó ń bọ̀, òkìtì tí kò lópin, la fi orúkọ kan pè. Òkìtì mẹ́rin péré ló gba gbogbo ọjọ́ ayé. Síbẹ̀ a ń fi wọ́n ṣirò: alẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ ni. Awo wo? Ìyẹn ni kókó rẹ̀. Bóyá Awo ti oṣù tó kọjá ni o, bóyá ti ọdún tí wọ́n bí ìyá mi àgbà ni o, Ọ̀sẹ̀ la máa bọ́ sí. Nítorí náà, ìṣirò àwọn òkìtì yìí dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò nílò kí a mọ ọjọ́ tí a mú nínú òkìtì.

Kì í ṣe gbogbo ìpínsí-òkìtì ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pín ọjọ́ sí méjì: ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí kò rọ̀. Alẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ òjò, òkìtì wo la máa bọ́ sí? Ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí olùkọ́ bá ní "ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé iṣẹ́ náà ní ìtumọ̀ lórí àwọn coset," àwọn òkìtì yìí ló ń pè ní coset, ohun tó ń bi yín ni bóyá òkìtì yín jẹ́ ti Awo àti Ògún tàbí ti òjò àti ọ̀dá. Nínú gúrúùpù bíi ti danfo, tí a ∗ b àti b ∗ a máa ń yàtọ̀, àwọn gúrúùpù kékeré inú rẹ̀ kan wà tó máa ń pín in bí òjò. Àwọn tó pín in bí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní normal.

Àṣìṣe kan wà tí mi ò ní ṣàìmẹ́nu bà, torí ọdọọdún ni mo ń fi bírò pupa pàdé rẹ̀. Ẹ mú aago tó ní wákàtí mẹ́fà, 0 dé 5. Ṣé aago wákàtí mẹ́ta, 0, 1, 2, wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gúrúùpù kékeré? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sì mú òfin Lagrange lórí iye gúrúùpù kékeré wá jẹ́rìí: 3 pín 6 láìṣẹ́kù. Orit Hazzan àti Uri Leron ní Ísírẹ́lì kọ̀wé nípa àṣìṣe yìí gan-an ní 1996, nítorí náà kì í ṣe ìṣòro tiwa nìkan. Òótọ́ ni pé òǹkà 0, 1, 2 wà nínú 0 dé 5. Ṣùgbọ́n nínú aago mẹ́ta, 2 àti 2 jẹ́ 1. Nínú aago mẹ́fà, 2 àti 2 jẹ́ 4. Àwọn èèyàn náà ló wá o, aṣọ ẹbí ni wọ́n wọ̀, wọn ò bá ara wọn lò bákan náà. Ìdí nìyí tí mo fi sá fún ọ̀rọ̀ náà "ẹgbẹ́". Gúrúùpù ẹlẹ́ni mẹ́ta tó wà nínú aago mẹ́fà ni 0, 2, 4. Ní ti Lagrange, ohun tó sọ ni pé bí gúrúùpù kékeré bá wà, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pín iye ńlá. Kò ṣèlérí pé ó máa wà. Gúrúùpù kan tó ní ọmọ 12 wà tí kò ní èyí tó ní 6 nínú.

Ta ló wá kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ láti ìtumọ̀? Ọ̀nà yẹn wá láti Göttingen, ní Jámánì, lọ́wọ́ Emmy Noether. Obìnrin ni, nítorí náà fún ọdún mélòó kan orúkọ David Hilbert, ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, ni wọ́n fi ń kéde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òun ń ṣe. Ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1921 lórí ring, ìyẹn àkójọ tó ní ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ pa pọ̀, yí áljẹ́bírà padà: dípò kí a máa wo àpẹẹrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí a mú òfin díẹ̀ kí a wo ohun tó tìdí wọn jáde. B. L. van der Waerden jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ti Emil Artin, ó sì kọ wọ́n sínú ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1930, ìwé yẹn ló sì fi ìrísí lé kọ́ọ̀sì náà títí dòní. Ìjọba Hitler lé Noether kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933, ó lọ sí Bryn Mawr ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1935. Mi ò bá Noether wí rárá. Àwọn tó ń kọ́ ti ní àpẹẹrẹ lórí ní rẹpẹtẹ kí ó tó kó wọn jọ fún wọn. Ọmọ 300 level kò ní ju méjì lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni àwọn nọ́ńbà tó mọ̀ láti jẹ́léósinmi.

Ní 1990 sí wájú, Ed Dubinsky àti Leron dán ọ̀nà mìíràn wò: wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ òfin mẹ́rin yẹn wò, kí wọ́n tó gbọ́ ìtumọ̀ lẹ́nu olùkọ́. Iná ìjọba kì í jẹ́ kí n gbára lé kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo ń lò ni fóònù tó wà lápò wọn, pàápàá nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì.

Nọ́ńbà àkáǹtì ní Nàìjíríà, mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìkan ni nọ́ńbà tòótọ́. Ìkẹwàá, ẹ̀ṣọ́ ni. Ní àwọn báǹkì ìṣòwò ńlá, wọ́n mú kóòdù báǹkì tó jẹ́ òǹkà mẹ́ta, wọ́n fi mẹ́sàn-án yẹn tẹ̀lé e, wọ́n wá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3, 3, 7, 3. Wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tó bá yẹ kí a fi kún un kó lè di ìlọ́po mẹ́wàá ni ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan: kóòdù 011, nọ́ńbà 000001457. Kóòdù mú 7 àti 3 wá. Nọ́ńbà mú 3, 12, 35 àti 21 wá. Àpapọ̀, 81. Ó ku 9 kó tó di 90. Àkáǹtì náà á jẹ́ 0000014579.

Mo máa ń dúró níbẹ̀, kí n béèrè: kí ló dé tó jẹ́ 3 àti 7? Kí ló dé tí kò jẹ́ 2 àti 5? Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi 3 sọ 0 dé 9 di púpọ̀, kí ẹ mú òǹkà ìparí nìkan: 0, 3, 6, 9, 2, 5, 8, 1, 4, 7. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló jáde, kò sí méjì tó jọra. Ẹ fi 2 ṣe é: 0, 2, 4, 6, 8, ó tún padà sí 0, 2, 4, 6, 8. 1 àti 6 ti di ọ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣi 1 tẹ̀, tí ẹ tẹ 6, ẹ̀ṣọ́ kò ní mọ̀. Ti 5 tún burú jù: 0 àti 5 nìkan ló ń jáde. 3 àti 7 dára nítorí pé wọ́n ní ẹni tó ń dá wọn padà: 3 lọ́nà 7 jẹ́ 21, òǹkà ìparí 1. Nínú ayé òǹkà ìparí yìí, 1, 3, 7 àti 9 nìkan ló ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ gúrúùpù lábẹ́ ìsọdipúpọ̀. Òfin kẹrin tí wọ́n há sórí, òun ló ń ṣọ́ owó wọn.

Ibẹ̀ náà ni mo ti ń wọ ring, torí ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ ti wà lójú kan. Mo máa ń fi ìdọ́gba kékeré kan dẹ́rù bà wọ́n: x lọ́nà x jẹ́ x. Ní girama, ìdáhùn méjì ló ní, 0 àti 1. Nínú ayé òǹkà ìparí, 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25, ó padà sí 5. 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, ó padà sí 6. Ìdáhùn mẹ́rin! Ìdí ni pé 2 lọ́nà 5 ti di òdo níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 2 kì í ṣe òdo, 5 kì í ṣe òdo. Ohun tí wọ́n fi ń tú ìdọ́gba láti JSS, pé bí ohun méjì bá sọ ara wọn di òdo, ọ̀kan nínú wọn ni òdo, kì í ṣe òfin ayé gbogbo.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan lẹ́yìn kíláàsì, tí kì í sọ̀rọ̀, dá mi dúró lórí àpẹẹrẹ yẹn. "Sà, ṣùgbọ́n 3 àti 3 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí èèyàn bá pààrọ̀ àwọn méjì yẹn ńkọ́?" Mo ní kó wá sójú bọ́ọ̀dù. Ó pààrọ̀ òǹkà kẹfà àti ìkeje, 1 àti 4, ó di 000004157, ó tún un ṣe: 12 àti 3 dípò 3 àti 12. 81 náà ló jẹ́, ẹ̀ṣọ́ kò yí padà kúrò ní 9. Ó tún rí i pé bákan náà ni ti ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Lẹ́yìn náà, láìsí pé ẹnì kan ní kó ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí 3 àti 7 ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó kọ 7 − 3 = 4, ó dúró pẹ́, ó ní, "Tí ìyàtọ̀ òǹkà méjèèjì bá jẹ́ 5, ìyẹn náà máa sá mọ́ ọn lọ́wọ́, torí 4 lọ́nà 5 ti di òdo." Kíláàsì dákẹ́. Ẹnì kan wá béèrè pé kí ló wá ń gba èèyàn sílẹ̀ nígbà náà. Orúkọ tó máa ń jáde lójú fóònù ni, kí ẹ tó tẹ owó lọ.